Ọjọ́ Tí Àwọn Obìnrin Ajídò Fi Ẹja Sílẹ̀ Nítorí Gáàsì

Ní ọdún tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo, tí owó gáàsì ìdáná náà sì tẹ̀lé e gun òkè, mo ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ tíṣà ní Àgbádárìgì. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin ọ̀dọ́ ti gbọ́ pé àwọn obìnrin Ajídò fúnra wọn ló gbà láti parí ìjà. Irọ́ ni. Wọ́n jí ìjà náà gbé mọ́ wa lọ́wọ́ ni, mo sì mọ ẹni tó jí i.

Páìpù gáàsì gba abẹ́ oko ẹ̀gẹ́ wọn kọjá lọ sí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá. Àwọn yẹn ń ra gáàsì inú páìpù ní owó tó rọjú. Àwọn tó ni ilẹ̀ ń ra tinú sílíńdà ní ọ̀wọ́n gógó. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò bá ká a ń fi igi dáná títí ojú rẹ̀ fi ń pọ́n. Ẹni tí wọ́n fi orí rẹ̀ fọ́ àgbọn kì í jẹ níbẹ̀. Ohun kan ṣoṣo la béèrè: kí wọ́n fa páìpù wọ ìlú, kí a máa rà á ní iye tí ilé-iṣẹ́ ń rà á.

Àwọn obìnrin tó ń yan ẹja lọ jókòó sẹ́nu géètì ilé-iṣẹ́ tó ni páìpù. Ọkọ̀ kò wọlé, ọkọ̀ kò jáde. Bí ìdajì wọn bá jókòó, ìdajì á máa yan ẹja, wọ́n á sì gba ipò ara wọn. Ẹja yẹn ló ń bọ́ wọn tí wọ́n fi lè jókòó di ọ̀sẹ̀ kẹta. Èmi ni mo ń kọ lẹ́tà wọn. Sẹwẹdo, ọmọ Ajídò tó jẹ́ olùkọ́ bíi tèmi, ni akọ̀wé wa. Ẹja yíyan ni ìyá rẹ̀ fi rán an níléèwé.

Ọjọ́ kan, àwọn apẹja kó ẹja wọlé débi pé gbogbo ààrò kún. Ọjọ́ yẹn gan-an ni Sẹwẹdo mú lẹ́tà dé láti ilé-iṣẹ́ náà. Máníjà wọn ti ṣe tán láti buwọ́ lùwé àdéhùn ní gbọ̀ngàn kan ní Àgbádárìgì lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n gbogbo obìnrin gbọ́dọ̀ wá tẹ̀ka fúnra wọn. Mo kà á sókè fún wọn. Màmá Sẹ́nàmì, olórí wọn, ní kí àwọn kan dúró ti ààrò, nítorí ẹja tútù tí iná bá kú lábẹ́ rẹ̀ kò ní í dé ìrọ̀lẹ́.

“Màmá, òfin ni,” ni mo wí. “Ẹni tí kò bá tẹ̀ka, wọn ò ní í kà á mọ́ wa.”

Ó wo bébà tó wà lọ́wọ́ mi. “Ẹ̀yin lẹ mọ̀wé, Tíṣà.”

Gbogbo wọn lọ. A jókòó nínú gbọ̀ngàn títí oòrùn fi rọ̀, máníjà kò yọjú. Ní gbogbo àkókò yẹn, àwọn ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ ń gba ẹnu géètì kọjá bó ṣe wù wọ́n. Nígbà tí a padà dé Ajídò, òórùn ló wá pàdé wa lọ́nà. Eṣinṣin ti bo ààrò. Ṣọ́bìrì ni wọ́n fi kó ẹja wọn dà sínú ọ̀sà. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, ebi lé wọn kúrò lẹ́nu géètì. Wọ́n gba sílíńdà kékeré kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì tẹ̀ka pé àwọn kò ní ẹ̀dùn kankan mọ́.

Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ta ló mọ̀ ní ilé-iṣẹ́ yẹn pé ẹja kún ààrò lọ́jọ́ náà, tàbí bó ṣe ń yá bàjẹ́ tó? Kò pé oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà tí Sẹwẹdo di ọ̀gá tó ń bá ará ìlú sọ̀rọ̀ fún wọn. Mo lọ bá a lẹ́yìn ìsìn, níwájú ìyàwó rẹ̀.

“Sẹwẹdo, ìwọ lo sọ fún wọn.”

Kò sẹ́. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. “Àǹtí, èmi ni mo mú lẹ́tà wá lóòótọ́. Ta ló kà á?”

Mi ò tíì dárí jì í, kí ẹnikẹ́ni má sì bá mi bẹ̀bẹ̀ fún un.

Kí la rí gbà? Sílíńdà tó ti gbẹ, tí wọ́n fi ń dá ilẹ̀kùn dúró. Páìpù náà ṣì ń gba abẹ́ ẹ̀gẹ́ kọjá, ẹ̀tọ́ wọn sì ṣì wà lọ́rùn àwọn tó ni ín. Lóṣù tó kọjá, mo kọ lẹ́tà tuntun, mo gbé e lọ sí Ajídò kí wọ́n lè tẹ̀ka sí i. Màmá Sẹ́nàmì fa àga fún mi, ó gbé gàrí àti ẹja yíyan síwájú mi. Bí mo ṣe ń yọ awò ojú mi jáde láti kà á fún wọn, ó gbọ́wọ́ lé bébà náà.

“Ẹ jẹun, Tíṣà,” ó ní. “Ẹ má ka nǹkan kan fún wa.”