Ohùn Ìyàwó Wa Nínú Ẹ̀rọ

Òórùn rọ́bà tó gbóná ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí. Ẹ̀rọ náà ní bọ́tìnnì rọ́bà mẹ́rìndínlógún lójú, bí a bá sì ti ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ tó wákàtí méjì, òórùn rẹ̀ á gba gbogbo yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ ní Igbókọ̀dá, á dàpọ̀ mọ́ òórùn ẹja tí àwọn obìnrin ń yan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ọmọ ogún ọdún ni mí nígbà náà, mo sì dá ara mi lójú pé kò sí ẹni tí etí rẹ̀ mú tó tèmi láti Àràròmí títí dé Òkìtìpupa. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ṣùgbọ́n ní ọdún yẹn, èmi rò pé èmi nìkan ni mo gbọ́n.

Ìjà ló gbé wa dé Igbókọ̀dá. Abúlé wa wà nísàlẹ̀ omi, lápá etí òkun, kò jìnnà sí Mólútẹ̀hìn. Ìjà tó wà láàárín àwa àti àwọn tí a jọ ń bu omi kan náà mu bẹ̀rẹ̀ lórí ilẹ̀, ó bọ́ sórí omi, títí kò fi sí ẹni tó lè sọ ohun tó fà á mọ́ láì bínú. Wọ́n sun ilé wa. Àwọn kan nínú tiwa náà lọ sun tiwọn, mi ò ní purọ́ fún yín. Kíláàsì kan ni wọ́n fún ìdílé mẹ́rin, igun kan níbẹ̀ sì ni èmi, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin àti ìyàwó rẹ̀ tẹ́ ẹní sí. Ìyàwó náà ti lóyún oṣù méje. Ó fi ọdún mẹ́rin jù mí lọ, ṣùgbọ́n ilé ló bá mi, nítorí náà èmi ń pè é ní ìyàwó, òun ń pè mí ní ọkọ mi, ó sì ń fi “ẹ” bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni pé mo ti hu irùngbọ̀n. Èmi obìnrin! Mo máa ń gbádùn rẹ̀ púpọ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ẹ̀gbọ́n mi sọ pé òun fẹ́ padà lọ kó àwọ̀n òun tó fi pamọ́ sínú ẹ̀gbà, igbó tó ń hù nínú omi, nígbà tí a ń sá. A bẹ̀ ẹ́, kò gbà. Ó ní, “Ẹja kò kúkú ní fò wọ inú kíláàsì wá bá wa.” Ó wọ ọkọ̀ rẹ̀ kékeré tó kun búlúù sí lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní ọjọ́ mẹ́ta lòun máa lò. Ọjọ́ mẹ́ta pé, ọ̀sẹ̀ kan pé, ọ̀sẹ̀ méjì pé, a kò rí i, a kò sì gbọ́ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Àìríṣe ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ tíṣà. Ará apá Ọ̀yọ́ ni, ìjọba ló gbé e wá síbẹ̀ láti máa kọ́ àwọn ọmọ ní orin. Àbúrò rẹ̀ tó wà lókè òkun ló fi ẹ̀rọ náà ránṣẹ́ sí i. Sáńpúlà ló ń pè é. Èèyàn á gba ohùn díẹ̀ sínú rẹ̀, yálà ìlù ni o, yálà orin ni o, yálà ìró igi lára igi, á gé e, á pín in sórí àwọn bọ́tìnnì yẹn, á wá máa tẹ̀ wọ́n títí wọ́n á fi di bíìtì. Ibi tí iṣẹ́ wà ni pé gbogbo ohùn wọ̀nyí ló ní ìrìn tirẹ̀, èyí ń sáré, èyí ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀, ó sì di dandan kí témpò wọn dọ́gba. “Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà,” ni tíṣà máa ń wí, á sì fi ìka lu tábìlì. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà kò mọ bí a ṣe ń mú ohùn yára kó má gòkè. Bí o bá mú un yára, á tín-ín-rín. Bí o bá fà á, á wúwo, bí kásẹ́ẹ̀tì tí bátìrì rẹ̀ ń kú lọ. Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tí mo fi mọ̀ ọ́n lò ju tíṣà lọ, mo sì rí i dájú pé ó mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní àkókò yẹn, àwọn àgbà tó ń wá àlàáfíà wá bá tíṣà. Wọ́n ní ọ̀pọ̀ èèyàn wa ṣì ń sá pamọ́ sínú àwọn ẹsẹ̀ odò tó ya wọ inú igbó pẹ̀lú ọkọ̀ wọn, ẹ̀rù ń bà wọ́n láti súnmọ́ èbúté nítorí wọn kò mọ ẹni tó wà níbẹ̀. Wọ́n fẹ́ kí a ṣe orin kan tí a ó máa fi gbohùngbohùn kọ létí omi láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, orin tí ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ ọ á mọ̀ pé ará ilé òun ló ń pe òun. Mo ní ìyẹn ò le. Orin tí àwọn obìnrin wa fi ń tukọ̀ lọ sọ́jà ni mo mú, ìyàwó wa ló sì máa ń lé e. A kọ́kọ́ kó obìnrin mẹ́fà jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú kíláàsì, orin náà kú sí wọn lẹ́nu.

Ìyàwó wa ní, “Ọkọ mi, ẹ jẹ́ ká lọ sínú ọkọ̀. Ọwọ́ wa ló mọ orin yìí, ẹnu wa kàn ń tẹ̀ lé e ni.”

A lọ sínú ọkọ̀ kan tí wọ́n so mọ́ òpó lẹ́bàá èbúté. Àwọn obìnrin náà ń fi àjẹ̀ wa omi, okùn ń fà, ọkọ̀ kò kúrò lójú kan, orin sì sọjí. “Ọkọ̀ mi ń bọ̀, ẹ yà fún mi o. Omi ń fà, ẹ yà fún mi.” Bí ìyàwó wa bá ti ki àjẹ̀ bọ omi, á fa “ọ” àkọ́kọ́ yẹn gùn. Ìgbà tó bá fà á yọ ló tó ń pe ìyókù, wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ìlù tí tíṣà ti gbà sínú ẹ̀rọ ń lọ ní mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún láàárín ìṣẹ́jú kan, orin wọn kò ju ọgọ́rin lọ. Odidi ọjọ́ méjì ni mo fi bá a jà. Mo gé e sí wẹ́wẹ́. “Ọ” yẹn gùn jù, mo gé ìrù rẹ̀ sọnù, mo fi ìyókù rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà. Láti “kọ̀ mi” lọ ń wọ́ lẹ́yìn ìlù bí ẹni tó wọ bàtà bàbá rẹ̀, mo mú un yára, mo tún mú un yára, títí ó fi ṣe wẹ́kú. Tíṣà gbọ́ ọ, ó fò sókè. Ó ní, “Ìwọ ọmọ yìí, o ti dé ibẹ̀!” Mo gbà pé mo ti dé ibẹ̀ lóòótọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, a gbé e sí gbohùngbohùn. Baba arúgbó kan tó ń tún àwọ̀n ṣe gbé ojú sókè, ó ní, “Ta lọkọ rẹ̀ ń bọ̀ o? Ẹ bá wa kí i káàbọ̀!” Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Mo rò pé baba ń ṣeré ni, àfi ìgbà tí mo dẹtí sí i. “Ọ” wà níbi tó wà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ìyókù ti gòkè. “Kọ̀” tó yẹ kó lọ sílẹ̀ ti bá “ọ” dọ́gba. Mo ti sọ ọkọ̀ di ọkọ. “Ọkọ mi ń bọ̀, ẹ yà fún mi o,” ohùn ìyàwó wa gan-an ló sì ń sọ ọ́, pẹ̀lú ìdùnnú tí kò sí nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, nítorí mo ti mú un yára.

Mo yíjú sí tíṣà. Ó ní, “Háà, mo rò pé bí ẹ ṣe ń pe ọkọ̀ nísàlẹ̀ omi níbí nìyẹn ni. Ṣé gbogbo ọ̀rọ̀ yín náà ni mo ń gbọ́?” Kò jẹ̀bi. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ ibẹ̀ ńkọ́? Ọjọ́ méjì ni mo fi gbọ́ ọ. Mo mọ ohun tó yẹ kí orin náà sọ, nítorí náà n kò tẹ́tí sí ohun tó ń sọ mọ́.

Mo ti ń múra láti pa ẹ̀rọ náà nígbà tí mo rí ìyàwó wa. Ó ń sáré bọ̀ bí aboyún ṣe lè sáré, ọwọ́ kan lábẹ́ ikùn, ìyẹ̀fun púpurú ṣì wà lọ́wọ́ kejì.

Ó ní, “Ọkọ mi, ṣé ẹ gbọ́ ọ? Ọkọ̀ ni mo pè. Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀, ọkọ̀ ni mo pè. Ṣé ẹ̀yin lẹ yí i padà ni?”

Ó tẹjú mọ́ mi. Mo ní, “Rárá o. N kò fọwọ́ kàn án.”

Ó ní, “Ọlọ́run ló yí i nígbà náà.” Ó jókòó sórí pákó èbúté, ó ń rẹ́rìn-ín, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

Bí mo ṣe pa irọ́ nìyẹn. Àwọn àgbà wa ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Láti ọjọ́ náà lọ, láràárọ̀ ni ìyàwó wa ń fọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí ẹ̀gbọ́n mi fi sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dọ̀tí, á sá a sórí okùn, á sì lọ jókòó sí èbúté títí òòrùn á fi rọ̀. Ọkọ̀ bíi mẹ́wàá ló ti inú ẹsẹ̀ odò jáde wá nítorí orin náà. Gbogbo ìgbà tí ọ̀kan bá dé ni mo ń sọ fún ara mi pé ìrànlọ́wọ́ ni irọ́ náà ń ṣe. Ẹsẹ̀ ìyàwó wa wú. Ọ̀sẹ̀ kan di méjì, méjì di mẹ́ta.

Ìyá rẹ̀ wá láti Òkìtìpupa láti mú un lọ síbi tí ilé ìwòsàn wà, nítorí oyún ti wọ oṣù kẹsàn-án, kò sì sí agbẹ̀bí lọ́dọ̀ wa. Ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní, “Bó bá dé tí kò bá mi ńkọ́?” Màmá bẹ̀ ẹ́, ó fi ọmú bẹ̀ ẹ́. Nígbà tó yá, màmá kọjú sí mi: “Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ ọkọ rẹ̀, ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀. Ṣé ẹ fẹ́ kó kú síbí ni?”

Mo mú ìyàwó wa lọ sí yàrá tíṣà. N kò lè fi ẹnu sọ ọ́, nítorí náà mo tẹ bọ́tìnnì àkọ́kọ́: “Ọ”. Mo tẹ èkejì: “kọ mi ń bọ̀”. Mo dá témpò padà sí ọgọ́rin, mo tún un tẹ̀: “kọ̀ mi ń bọ̀”. Ó ní kí n tún un ṣe. Mo tún un ṣe.

Ó ní, “Ẹ ti mọ̀ látọjọ́ àkọ́kọ́?”

Mo ní mo mọ̀.

“Ẹ wá ń wò mí tí mo ń fọ ṣẹ́ẹ̀tì lójoojúmọ́?”

Ẹkún gbọ̀n mí. Ó ní, “Ẹ gbẹ́nu dákẹ́, ẹ má sunkún níwájú mi. Kì í ṣe ẹ̀yin lẹ́kún kàn.” Ó lọ ká ṣẹ́ẹ̀tì náà lórí okùn ní tútù, ó kì í bọ àpò, ó tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ wọ mọ́tò. Kò dágbére fún mi.

Mo yọ ìlù kúrò nínú orin náà pátápátá, mo fi í sílẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Ó di ọjọ́ kẹrin, ọkùnrin méjì tukọ̀ dé, wọ́n so ọkọ̀ kékeré kan mọ́ ẹ̀yìn tiwọn. Ó ní búlúù lẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n ní ńṣe làwọn rí i tó ń léfòó láàárín ẹ̀gbà. Àwọ̀n ẹ̀gbọ́n mi pé sínú rẹ̀, ó wà ní kíká dáadáa. Kò sí èèyàn níbẹ̀.

Nígbà tí mo dé Òkìtìpupa, ìyàwó wa ti bímọ ọkùnrin láti ìjẹta. Ó jókòó sórí ẹní, ó ń fún un lọ́mú. Mo ti to ọ̀rọ̀ gígùn kan jọ láti ọ̀nà, bí àwọn àgbà ṣe ń túfọ̀, tí wọ́n á kọ́kọ́ béèrè omi mu. Ó wo ojú mi lẹ́ẹ̀kan.

Ó ní, “Èwo ló dé nínú méjèèjì?”

Mo ní, “Ọkọ̀ ni.” Mo rẹ ohùn mi sílẹ̀ dáadáa lórí “kọ̀”, kó má bàa ṣì í gbọ́.

Ó mi orí. Ó gbé ọmọ náà sí ọmú kejì.

Ó ti pẹ́ gan-an. Ó dárí jì mí nígbà tó yá, díẹ̀díẹ̀, kì í ṣe lọ́jọ́ kan. Iṣẹ́ orin náà ni mo ṣì ń ṣe jẹun. Kọ̀ǹpútà òde òní lè mú ohùn yára bó ṣe wù ọ́ kó má gòkè rárá, àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ sì ń wò mí bí arúgbó tó ń ṣàròyé nígbà tí mo bá ní kí wọ́n tún gbọ́ ọ̀rọ̀ inú orin kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Àwọn tí mo sọ ìtàn yìí fún máa ń bi mí pé kí ló dé tí n kò tètè jẹ́wọ́. Mo máa ń dá wọn lóhùn pé ìgbéraga ni, pé ojú ló ń tì mí níwájú tíṣà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò tán síbẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, èmi ni mo ń kọ́kọ́ dé èbúté láràárọ̀ láti tan ẹ̀rọ. Mo máa ń dúró gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́rin, èmi nìkan, kí n tó kúrò níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ni. Mo fẹ́ kí ẹ̀rọ yẹn jàre.