Bàbá Tó Ń Gbé Èébú Dé Ilé Ẹni Tí Wọ́n Bú

Kò sí ẹni tí kò mọ̀ nípa ọjọ́ tí Bàbá Waheedat gbé Kàdírì sẹ́yìn ọ̀kadà lọ sí gáà Fúlàní, lẹ́yìn Òkèhò. Màlúù ló jẹ gbágùúdá Kàdírì, ló bá sọ ọ́ sórí wasáàpù àdúgbò pé kí wọ́n lọ dáná sun gáà náà. Bàbá ni alága wasáàpù ọ̀hún. Kò pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́. Ó lọ ká Kàdírì mọ́lé.

“Ọ̀rọ̀ tó o sọ yẹn, kì í ṣe àwa ló kàn. Jẹ́ ká lọ sọ ọ́ fún àwọn tó kàn.”

“Bàbá, orí fóònù ni mo ti sọ ọ́ o!”

“Ṣé orí fóònù náà lo ti máa sun wọ́n? Gun ọ̀kadà.”

Nígbà tí wọ́n dé gáà, Háúwáù, ìyàwó onímàlúù, gbé ìjókòó àti wàrà síwájú wọn. Bàbá ní, “Ó yá, sọ ọ́.” Kàdírì wolẹ̀, ó wòkè, ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o.” Ó jẹ wàrà náà tán pátápátá. Ọkọ Háúwáù fúnra rẹ̀ ló tọrọ àforíjì nítorí gbágùúdá.

Ojú Bàbá ò ríran dáadáa mọ́ nígbà tó yá, Waheedat, ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ló ń bá a ka wasáàpù. Á ti ibi iṣẹ́ dé, á tún máa ka èébú: wọ́n bú Fúlàní, wọ́n bú Íbò, onígbàgbọ́ bú mùsùlùmí, mùsùlùmí dá a padà. Ó sú u débi pé oúnjẹ kì í wù ú jẹ mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, rédíò ní ìjọba fẹ́ ṣòfin lórí ọ̀rọ̀ ìkórìíra.

“Bàbá, ẹ jẹ́ kí ìjọba gbà á lọ́wọ́ wa.”

“Ìjọba kẹ̀? Gbé pàṣán fún wọn, ẹni tó bá ní ọ̀nà Ìsẹ́yìn ti bàjẹ́ ni wọ́n máa kọ́kọ́ nà.”

Nírọ̀lẹ́, ọmọ Òkèhò kan tó wà lókè òkun kọ ọ́ pé kí wọ́n yọ àdá sí Fúlàní. Bàbá bínú, ó dìde. “Ọ̀kadà mi ò dé ibẹ̀! Kí ìjọba mú un!”

“Ṣebí ẹ ní ẹ ò fẹ́ láàárọ̀?”

“Àárọ̀ nìyẹn.”

Ọjọ́ tí wọ́n sin Bàbá, Háúwáù àti àwọn ará gáà wá, wọ́n jókòó sójúde, wọ́n ń sunkún. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi wọlé sórí fóònù Bàbá tó wà lọ́wọ́ Waheedat: “Kí ni Fúlàní ń wá níbi òkú wa? Ẹ fi igi lé wọn.” Tàjúdéènì ló kọ ọ́, tí ilé rẹ̀ wà lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí.

Waheedat lè pa á rẹ́, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ ti kà á. Ọjọ́ yẹn, ó wù ú gan-an pé kí òfin wà. Ṣùgbọ́n kí òfin tó ti Àbújá dé, igi á ti ba Háúwáù. Ó wá bàtà rẹ̀.

“Jókòó, ọmọ mi,” ni Àdìjátù, ìyá rẹ̀, wí. “Ọ̀rọ̀ yìí ló tán bàbá ẹ lókun.”

“Ó rẹ èmi náà, Màmá. Mò ń bọ̀.”

Tàjúdéènì ló ṣílẹ̀kùn fún un.

“Ẹ̀gbọ́n, Háúwáù wà nílé wa. Ẹ wá sọ ọ́ fún un lójú ẹ̀.”

“Waheedat! Ṣé kì í ṣe òní lẹ sin bàbá yín ni?”

“Òní ni. Ẹ wọṣọ, mò ń dúró.”

Bó ti sọ ọ́ tán, ó gbọ́ ohùn Bàbá lẹ́nu ara rẹ̀, ẹ̀rín sì pa á níbẹ̀, ó rín in títí ó fi di ẹkún. Tàjúdéènì wọ agbádá rẹ̀, ó sì tẹ̀ lé e.