Àlàájà Ṣùkúrátù, Ará Éṣíà ní Òwu

Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ olóògbé Àlàájà Ṣùkúrátù, àgbà aládìrẹ ní Òwu, ọjọ́ tí ó di ará Éṣíà ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Babájídé ni ó ṣètò àfihàn aṣọ aró ní Abẹ́òkúta. Ó fi aṣọ Àlàájà kọ́ sára ògiri kan, ó kọ “Ẹ̀gbá” sí i lókè. Ti Aiko, obìnrin oníṣẹ́ ọnà tí ó ti Jàpáànù wá, wà lára ògiri kejì lábẹ́ “Éṣíà”. Àlàájà bèèrè ibi tí Éṣíà wà. Babájídé ka àwọn orílẹ̀-èdè ibẹ̀ títí ó fi kan Sáúdí.

“Sáúdí tí Mẹ́kà wà?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Ìwọ ti dé bẹ̀ rí?”

Babájídé ní òun kò tíì débẹ̀.

“Èmi ti dé bẹ̀. Gbé aṣọ mi lọ sábẹ́ Éṣíà, kí o gbé ti Aiko ọmọ mi wá sábẹ́ Ẹ̀gbá.”

Babájídé rò pé eré ni àgbà ń ṣe. Kò mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí Aiko kọ́kọ́ wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Àlàájà, tí ó dárúkọ ara rẹ̀, ojú Àlàájà le. Irú òbí wo ni í sọ ọmọ ní Àìkọ́, ẹni tí a kò kọ́ ní nǹkan? Ó gba aṣọ tí àlejò náà dì wá láti ilé, ó tú kókó kan wò, ó ní irọ́ ni orúkọ náà ń pa: ẹnìkan ti kọ́ ọwọ́ yìí dáadáa. Láti ìgbà náà, “Àìkọ́ tí a kọ́ yanjú” ni ó fi ń kí i láràárọ̀.

Ní òwúrọ̀ àfihàn, ó bá Aiko níbi tí ó ti ń ká àwọn aṣọ rẹ̀ yòókù padà sínú àpótí. Yorùbá rẹ̀ ti já gaara nígbà náà. Ó ní àwọn ará ilé òun ń sọ pé iṣẹ́ òun ti di ti Áfíríkà. Àwọn ará Yúróòpù ní kò jọ ti Jàpáànù tó.

“Gbogbo wọn ni ó kọ̀ mí, Màámi.”

Àlàájà gba aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀. “Kí tilẹ̀ ni ìtumọ̀ orúkọ rẹ lédè yín?”

“Ọmọ ìfẹ́.”

“Ẹ ò rí nǹkan! Ohùn rẹ̀ ni mo ti ń ṣì pè. Àìkọ̀ ni ọ́, ẹni tí a kò kọ̀. Kó aṣọ rẹ jáde.”

Ó sì kọrí sọ́dọ̀ Babájídé. Nígbà tí àfihàn ṣí, aṣọ Àlàájà wà lábẹ́ “Éṣíà”, ti Aiko wà lábẹ́ “Ẹ̀gbá”.

Lọ́dún tí Àlàájà papò dà, aṣọ kan ti ọ̀dọ̀ Aiko ní Jàpáànù dé. Babájídé bi Ummulkulthum, ọmọ olóògbé, léèrè ògiri tí wọn yóò gbé e kọ́ sí. Ẹ̀rín pa àwọn méjèèjì. Nígbà náà ni wọ́n rí orúkọ tí Aiko fi ìyẹ́ adìyẹ àti ẹ̀kọ tí kì í jẹ́ kí aró mú aṣọ kọ sí igun aṣọ náà, funfun nínú aró, pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀ lórí. Ummulkulthum kà á jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, gẹ́gẹ́ bí ìyá rẹ̀ ti ń pè é láti ọjọ́ àfihàn: “Àìkọ̀.”