Bàbá Onímítà, Tó Ru Ẹ̀bi Mi Títí Dé Sàréè

Yéè! Àkànbí ọkọ mi, ọmọ Ìyẹ̀rú Ọ̀kín, ṣé ẹ ti lọ náà nìyẹn? Ó wá di kí n máa pe orúkọ yín kí n má gbọ́ ìdáhùn. Ó wá di kí n bu oúnjẹ kalẹ̀ tán kí n tó rántí pé kò sí ẹni tí yóò jẹ ẹ́. Ogójì ọjọ́ rèé tí mo ti jókòó sínú yàrá yìí, tí àwọn èèyàn ń wọlé, tí wọ́n ń jáde, tí wọ́n ń ní kí n mọ́kàn le. Ọkàn ọ̀hún kọ̀, kò le. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ti wúwo jù, òun ni mo sì fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lónìí, lójú gbogbo àwọn tó wá ṣe fídáù yín.

Alhaji Ráímì Àkànbí, Bàbá Onímítà ni tọmọdé tàgbà ń pè yín ní Ọ̀fà. Láti ìgbà tí ẹ ti wà ní géńdé ni ẹ ti ń bá iléeṣẹ́ iná mọ̀nàmọ́ná ṣiṣẹ́, tí ẹ ń ka mítà láti ojúlé dé ojúlé, lórí kẹ̀kẹ́ lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà lórí ọ̀kadà. Ajá bù yín jẹ rí. Àwọn onílé ti ilẹ̀kùn mọ́ yín lójú. Síbẹ̀, n kò mọ ọjọ́ kan tí ẹ kọ nọ́ńbà tí ẹ kò rí sílẹ̀. Àwọn mìíràn a máa dín in kù fún ẹni tó bá fún wọn lówó ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ẹ̀yin a kọ ohun tó wà níbẹ̀, ẹ ó kí onílé pé ó dàbọ̀, ẹ ó sì kọjá sí ilé kejì.

Bí a bá lọ sí ilé ẹlòmíràn, kí ẹ tó jókòó, ojú yín ti wà lára ògiri. Ẹ ó wá ibi tí mítà wà. Ẹ ó fimú fa afẹ́fẹ́ bóyá nǹkan ń jó, ẹ ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ gbígbẹ kan àpótí rẹ̀ bóyá ó gbóná. Ojú a máa tì mí. Níbi ìsọmọlórúkọ kan, mo rọra sọ fún yín pé, "Bàbá Mulíkà, ìsọmọlórúkọ la wá, a ò wá ṣiṣẹ́." Ẹ dá mi lóhùn pé, "Ọmọ ọ̀hún náà ni mo ń wò ó fún."

Ẹ kọ́ gbogbo àdúgbò wa bí a ti ń bá iná gbé. Ẹ ní kí wọ́n má ṣe gbé kọ́bọ́ọ̀dù dí mítà, kí ọwọ́ lè tètè dé súìṣì ńlá lọ́jọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Ẹ ní bí mítà bá ń kùn bí oyin, tàbí tó ń rùn bí rọ́bà tó jóná, kí onílé pa iná, kó pe àwọn tó ni iṣẹ́, kó má ṣe fúnra rẹ̀ tú u wò. Ẹ ní bó bá gbiná, kí ẹnikẹ́ni má da omi sí i. Màmá Fúnmi, ará Èkìtì tó ń ṣiṣẹ́ nílé ẹ̀kọ́ gíga tó sì ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, kò kọ́kọ́ ka ọ̀rọ̀ yín sí. Omi òjò ń ṣàn láti orí páànù ilé wọn gba ara ògiri lọ sínú àpótí mítà. Ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ lọ bá a. Nígbà tí ẹ rí i pé kò tíì pe káfíńtà, ẹ gun àkàbà fúnra yín, ẹ fi páànù kékeré kan ṣe òrùlé lé mítà náà lórí. Omi tútù nìkan lẹ gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí ẹ fẹ̀yìn tì, ẹ dáko iṣu àti ẹ̀gẹ́ sí Òjòkú. Ẹ a lọ ní ọjọ́ Ajé, ẹ a sì dé ní Ọjọ́bọ̀ kí ẹ lè kírun Jímọ̀ nílé. Èmi ń ta ẹja dídì àti yìnyín níwájú ilé, fírísà méjì ni mo fi ń ṣe é. Nígbà tí wọ́n gbé mítà tuntun wá, èyí tí a ń ra kádì sí, mo rí i pé iná kì í pẹ́ tán, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn. Ẹ ní kí n pa fírísà kan ná, kí n sì pààrọ̀ rọ́bà ẹnu ìkejì tó ti gbó, nítorí òtútù ń gba ibẹ̀ jáde. Mo gbọ́. Mi ò ṣe é.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí ẹ wà lóko, ọkùnrin kan wá ra ẹja lọ́wọ́ mi. Ó wo mítà wa, ó ní, "Alhaja, ẹ̀yin náà ṣì ń ra kádì? Mo lè jẹ́ kí iná gba ẹ̀yìn mítà yín kọjá. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀." Mo ní kó tètè ṣe é kí ẹ tó dé. Ó já èdìdì ara mítà, ó tú u, ó lọ́ wáyà mọ́ wáyà, ó sì fi ọ̀rá wé e. Wáyà kan wà tó ti ara ògiri wọnú ilẹ̀. Ó gé e dànù, ó ní kò wúlò. Wáyà yẹn gan-an ló yẹ kó gbé iná tó bá ṣìnà wọlẹ̀ kó má bàa dé ara èèyàn. Èmi ìyàwó onímítà, èmi tó yẹ kí n mọ̀, mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo tún fún un lẹ́ja.

Lọ́jọ́ kejì, Àmínà, ọmọ Mulíkà ọmọ wa, tí kò tíì ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ, sá tọ̀ mí wá pẹ̀lú ẹkún. Ó ní, "Màmá àgbà, fírísà bù mí jẹ." Mo ní irọ́ ló ń pa, yìnyín ló fẹ́ jí lá. Mo gbá a létí. Èmi a máa wọ bàtà rọ́bà nídìí ọjà mi, ìdí nìyẹn tí iná kò fi mú èmi. Ẹsẹ̀ lásán ni ọmọ yẹn wà.

Ọjọ́bọ̀ ni ẹ dé. Òjò ti rọ̀, ilẹ̀ tutù. Kí n tó jáde wá kí yín, Àmínà ti sọ fún yín pé fírísà ilé wa ń buni jẹ. Ẹ kò rẹ́rìn-ín. Ẹ ju àpò iṣu sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ẹ sáré wọlé, ẹ pa súìṣì ńlá, ẹ sì lọ wo mítà. Ọ̀rá tí ọkùnrin yẹn fi wé wáyà ti yọ́, ara ògiri ti dúdú. Ẹ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ oko lọ́rùn.

"Ráfátù, ta ló ṣí i?"

Mo ní mi ò mọ̀.

"Ráfátù, ta ló ṣí i?"

Mo ní bóyá ayálégbé ni. Àkànbí, a kò ní ayálégbé.

Ẹ kò pariwo lé mi lórí. Ẹ kàn sọ pé, "Ká ní ọmọ yẹn fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú ni, òkú rẹ̀ ni ǹ bá bá nílé." Lẹ́yìn náà ẹ dìde, ẹ pààrọ̀ aṣọ, ẹ sì fẹsẹ̀ ara yín lọ pe àwọn òṣìṣẹ́ iná.

Ọ̀gá àwọn tó wá, ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ níṣẹ́. Gbogbo àdúgbò ti yọjú. Ó wo mítà, ó wò yín, ó ní, "Bàbá, ta ló ṣe irú èyí nínú ilé yín?" Mo dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹ kò wo ọ̀dọ̀ mi rárá. Ẹ ní, "Èmi ni."

Irọ́ kan ṣoṣo tí mo gbọ́ lẹ́nu yín láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ yín nìyẹn. Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo bi yín léèrè ìdí rẹ̀. Ẹ ní, "Ìyá Àdínì ni ọ́. Bí àwọn obìnrin tó ń gbọ́ wáàsí lẹ́nu rẹ bá gbọ́ èyí, ta ni yóò tún gbọ́ tìrẹ? Èmi ti fẹ̀yìn tì ní tèmi."

Wọ́n já wáyà wa lórí òpó. Ẹ ta iṣu tí ẹ fẹ́ fi gbin ti ọdún tó ń bọ̀ kí ẹ lè rí owó ìtanràn san. Ẹja mi bàjẹ́, mo sì ń fajú ro sí yín nínú ilé, àní èmi! Wọ́n yọ yín nípò alága ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó tiransifọ́mà àdúgbò. Kò sí ẹni tó tún pè yín wá wo mítà. Lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí, ẹnìkan sọ ọ́ sókè pé, "Ẹni tó ń kọ́ wa náà ló ń jí i." Ẹ gbọ́ ọ. Ẹ bọ́ bàtà yín, ẹ wọlé lọ kírun. Màmá Fúnmi nìkan ló wá bá yín nílé. Ó ní, "Bàbá, mi ò gbà á gbọ́. Ẹ̀yin kọ́." Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ sì bi í bóyá páànù orí mítà rẹ̀ ṣì dúró dáadáa.

Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wa náà wá, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n wá. Wọ́n ní, "Alhaja, ẹ ṣe sùúrù. Èèyàn ò lè mọ inú ọkùnrin tán." Mo mirí. Mo ní Ọlọ́run á ṣàánú wa. Mo jẹ́ kí wọ́n bá mi kẹ́dùn nítorí ohun tí èmi fúnra mi ṣe, ẹ sì wà nínú yàrá tí ẹ ń gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ọdún kejì rẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ríru dá yín wó, tí apá àti ẹsẹ̀ òsì yín kú. Nílé ìwòsàn, mo bẹ̀ yín pé kí ẹ jẹ́ kí n lọ sọ òtítọ́ fún wọn. Ọ̀rọ̀ kò já gaara lẹ́nu yín mọ́, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohun tí ẹ sọ. Ẹ ní, "Ó ti kọjá." Ara tù mí, Àkànbí. Ọkọ mi ń kú lọ níwájú mi, ara tù mí nítorí pé ó ní kí n má sọ. Nígbà tí wọ́n ń kírun sí yín lára, mo yọjú lójú fèrèsé. Àwọn tó tò sẹ́yìn Imaamu kò pọ̀. Ìlú tí ẹ fẹsẹ̀ rìn tán, tí kò sí ojúlé tí wọn kò ti mọ̀ yín, ìwọ̀nba èèyàn ló sin yín.

Àwọn ọmọ wa kò fẹ́ kí n kọ èyí sínú ìwé ètò fídáù yìí. Mulíkà ní, "Màmá, ṣé ẹ mọ ohun tí àwọn èèyàn máa sọ?" Mo ní kí wọ́n sọ ọ́. Mo ti ránṣẹ́ sí Imaamu pé kí wọ́n wá Ìyá Àdínì mìíràn.

Ẹ̀yin èèyàn wa, èmi Alhaja Ráfátù ni mo mú ẹni tó tú mítà wọlé. Alhaji Ráímì Àkànbí kò jí iná rí. Ẹni tó bá ti pè é ní olè, kó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run, kó sì wá gbé orúkọ náà fún èmi tó ni ín. Bí irú ohun tí mo ṣe bá sì wà lára ògiri ilé yín báyìí, ẹ dìde níbi tí ẹ jókòó sí, ẹ lọ pa iná, ẹ pe àwọn tó ni iṣẹ́. Ẹ má dúró kí ọmọ yín kọ́kọ́ sunkún.

Ọkọ mi, mi ò bẹ̀ yín pé kí ẹ dárí jì mí. Mo mọ̀ pé ẹ ti dárí jì mí láti ọjọ́ yẹn, ìyẹn gan-an ló ń jẹ mí nínú. Kí Ọlọ́run fẹ sàréè yín, kó tàn án fún yín. Ẹ sùn ire o, Àkànbí. Ẹ sùn, kí ẹ̀bi mi má ṣe bá yín dé ibẹ̀ mọ́.

Èmi ni, Ráfátù, ìyàwó yín.