Ikú Ẹlòmíì Ni Mo Ń Wá

Òwú ni mo ń fi eyín já nídìí màṣíìnì ìránṣọ mi ní Ìkirè, láàárín àwọn ọdún 1980, nígbà tí ikọ́ gbé mi. Mo fọwọ́ bo ẹnu. Ìgbà tí mo máa gbọ́wọ́ kúrò, ẹ̀jẹ̀ ni mo rí. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, Délé ọkọ mi ti kó ẹrù mi sínú mọ́tò, ó ní kí n gbé ègún ilé wa padà sí Àpòmù, ìlú bàbá mi.

Ikọ́ ife ni. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀dọ̀fóró ló ń fà á, afẹ́fẹ́ ikọ́ ló sì ń gbé e ran ẹlòmíràn. Kì í ṣe ègún. Ojoojúmọ́ ni mo ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì ọsibítù de abẹ́rẹ́, títí ìdí mi fi le bí pátákó. Oògùn sọ ìtọ̀ mi di pupa bí epo. Kí n lè ṣojú òpin Délé ni mo ṣe ń gbé e mì.

Dókítà ní kí gbogbo ẹni tí a jọ gbélé wá yẹ ara wọn wò. Mo mọ̀ pé Délé ti ń wúkọ́ kí n tó kúrò. Mi ò ránṣẹ́ sí i. Mo fẹ́ kóun náà rí ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ ara rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ìyá àgbà kan wá dúró níwájú mi níbi tí mo jókòó sí lórí bẹ́ǹṣì yẹn. “Rẹ̀mílẹ́kún!”

Bàbá mi nìkan ló ń pè mí bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ti kú. Tísà tó ti fẹ̀yìn tì ni ìyá náà. Àwọn ló gbé mi dání lọ́jọ́ tí wọ́n ṣèrìbọmi fún mi.

“Mà, èmi kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.”

“Mo mọ̀. Ojoojúmọ́ ni mo ń dárúkọ rẹ fún Ọlọ́run. Ó ti mọ̀ ọ́ kí o tó mọ ọ̀tún yàtọ̀ sósì.”

“Tó bá mọ̀ mí, ẹ bá mi sọ fún un kó pa Délé.”

Wọn ò bá mi wí. “Sọ fún un fúnra rẹ. Ó mọ ohùn rẹ.”

Mo sọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́ta ni mo fi ń tọrọ ikú ọkùnrin náà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bí mo ṣe ń gba àdúrà ọ̀hún lọ́wọ́, mo gbọ́ orúkọ mi kedere: Rẹ̀mílẹ́kún. Kò sẹ́ni kankan nílé. Ohùn náà ò sì sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo bú sẹ́kún, torí mo mọ̀ pé Ẹni tó pè mí mọ ohun tí mo fi pa mọ́.

Mo wọkọ̀ lọ sí Ìkirè. Délé ti gbẹ, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

“Ikọ́ ife ni. Lọ gba oògùn,” mo wí. “Kì í ṣe ìfẹ́ ló gbé mi wá.”

Mo yíjú padà kó tó dáhùn. Ó lọ, ó sì yè. Kò wá bẹ̀ mí títí dòní.

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń wúkọ́, ẹ má bò ó mọ́lẹ̀. Èmi ti ń pọnmi láìsinmi lójú ọ̀nà, mo sì ń dúpẹ́ fún gbogbo èémí tó wọlé tó jáde. Bí mo bá rí Délé, inú mi ṣì ń ru. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run ò dúró kí inú mi rọ̀ kó tó pè mí. Èmi kọ́ ni mo wá a lọ. Ikú ẹlòmíì ni mo ń wá.