Iye Tó Ń Ga Sí I

Ọdún mọ́kànlélógún ni èmi àti Olóòlù fi ṣiṣẹ́ pọ̀. Ẹgbẹ́ ni wá. Òun ń lu ilẹ̀, èmi ń wo ẹ̀rọ. Bí wọ́n bá fẹ́ kọ́ ilé gíga síbì kan, àwa ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè. A ó tẹ́ pákó sílẹ̀, a ó wa mọ́tò gun orí rẹ̀ kó má baà yẹ̀, a ó ri àwọn ohun kékeré tí à ń pè ní etí mọ́lẹ̀ ní ìlà gbọọrọ. Olóòlù á wá gbá ìdí pákó náà láti ẹ̀gbẹ́. Ilẹ̀ á mì sọ́tùn-ún sósì, ẹ̀rọ á sì sọ bí ìmìtìtì náà ṣe yára tó. Tí kò bá yára, ilẹ̀ rọ̀, kí onílé wá ibòmíràn lọ. Tó bá yára, ilẹ̀ le, ẹ máa kọ́lé yín. Ohun tí a mọ̀ láyé nìyẹn.

Ẹnu Olóòlù mú. Ẹnjiníà tuntun kan gba òòlù lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó sì ń gbá pákó lórí. Olóòlù ní kó rọra, pé ilẹ̀ ò ṣẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí ẹ̀dọ̀ ìyàwó Olóòlù bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lẹ́nu, nọ́ọ̀sì fi nǹkan kan tẹ ìhà rẹ̀, ó ní ẹ̀rọ náà máa ń mi ẹ̀dọ̀ díẹ̀, á sì wo bí ìmìtìtì náà ṣe yára tó. Olóòlù bú sẹ́rìn-ín. Ó ní iṣẹ́ òun nìyẹn, kí wọ́n fún òun ní òòlù. Nọ́ọ̀sì rò pé ìtumọ̀ iye náà ti yé e, kò ṣàlàyé mọ́. Iye tó kọ ni mítà kan ààbọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Dókítà kọ oògùn, ó ní kí wọ́n padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Olóòlù ò bi í ní nǹkan kan. Abèèrè kì í ṣìnà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ní ń béèrè ọ̀nà ilé ara rẹ̀?

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, iye náà di méjì. Olóòlù mú ìwé àyẹ̀wò náà wá síbi iṣẹ́, mo sì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Inú ń bí mi sí ọwọ́ yìí títí dòní. Ó ti sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ẹrẹ̀ ni ẹ̀dọ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó ti ń di amọ̀, kò ní pẹ́ di àpáta. Obìnrin náà ní oògùn náà ń mú kí èébì máa gbé òun. Olóòlù ní kó fi í sílẹ̀ ná, ẹ̀dọ̀ ti ń le. Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀. Wọn ò padà lọ títí ọdún fi yí po.

Nígbà tí ikùn rẹ̀ wú, tí ojú rẹ̀ di yẹ́lò, mo bá wọn lọ. Iye náà ti lé ní mẹ́ta. Dókítà fi obìnrin náà sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì lóde, ó pe àwa méjèèjì wọlé. Olóòlù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: kí ló dé tí ikùn ń wú nígbà tí ẹ̀dọ̀ ti le tó báyìí?

Dókítà dá a lóhùn:

"Bàbá, rírọ̀ ló yẹ kí ẹ̀dọ̀ rọ̀. Èyí tó bá ti le, àpá ló ti dà."

Olóòlù ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ, ó sì fi kún un pé ká ní wọ́n tètè padà wá ni. Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Mi ò lè wo ojú ọ̀rẹ́ mi. Ẹni tó bá máa dá a lẹ́bi, kó má yọ tèmi sílẹ̀.

A jáde. Ìyàwó rẹ̀ gbé orí sókè.

"Ṣé ó tún ga sí i?"

Olóòlù jókòó tì í. "Ó ga sí i."

"Ó ti di àpáta?"

"Ó ti dà á."

Obìnrin náà mí kanlẹ̀. Ó ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí òun sùn díẹ̀. Ó fi orí lé apá tí ọkọ rẹ̀ fi ń lu ilẹ̀, ó sì sùn, àwa méjèèjì ò sì lè mira.