Kòkòrò Inú Kọ̀ǹpútà

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo mú ọmọ mi dání lọ ṣe ẹ̀dà ìwé ìbí rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìkòsí. Ọkùnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù náà tan kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan, irú èyí tó ru iké sẹ́yìn. Nígbà tó gbóná tán, òórùn eruku tó ń jóná gba gbogbo inú ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ mi fọwọ́ di imú. Èmi ò lè di tèmi. Òórùn yẹn ti gbé mi padà sí kíláàsì kẹrin.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ ti ń tẹ fóònù kí ẹ tó mọ̀ ọ́n rìn, ẹ lè má gbà mí gbọ́ tí mo bá sọ pé àwa méjìlélọ́gọ́ta la ń pín kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo lò. Òun náà kì í ṣe tuntun. Ilé iṣẹ́ kan tó ń kó kúrò ní Ògùdù ló fi ta ilé ìwé wa lọ́rẹ dípò kó sọ ọ́ nù. Ara rẹ̀ ti pọ́n bí eyín àgbà tó ń jẹ obì. Bọ́tìnnì méjì ti yọ lára ibi tí a ti ń tẹ̀wé. Mo kà wọ́n. Síbẹ̀, a bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà nítorí rẹ̀, Aunty tó ń kọ́ wa sì fi aṣọ tábìlì olódòdó bò ó bí ẹni ń bo ọmọ tuntun.

Ọjọ́ méjì péré ni wọ́n fi kọ́ Aunty bí a ṣe ń lò ó. Ìkìlọ̀ ni Aunty mọ̀ jù.

"Kòkòrò máa ń wọ inú kọ̀ǹpútà o! Tó bá ti wọ̀ ọ́, ó parí nìyẹn. Ẹ ò gbọdọ̀ jẹ́ kí kòkòrò sún mọ́ ọn."

Fáírọ́ọ̀sì ni wọ́n ń sọ. Kòkòrò la gbọ́.

Rísíkátù ló máa ń jókòó tì mí, ọ̀rẹ́ mi tímọ́tímọ́. Ìyá rẹ̀ ń ta tàtàṣé ní Mile 12, wọ́n sì máa kó lọ sí Ṣakí tí a bá ti gba họ́lídè. Rísíkátù ní ohun kan ṣoṣo lòun fẹ́ kí àwọn tó lọ: kí òun rí orúkọ òun nínú kọ̀ǹpútà. Ó ní eyín dúdú kan lápá ẹ̀yìn. Èmi nìkan ló fi hàn. Ìyá rẹ̀ ti sọ fún un pé kòkòrò ló ń jẹ ẹ́.

Ọmọ tí ẹ̀rù tètè máa ń bà ni mí. Mo wo kọ̀ǹpútà, mo wo Rísíkátù, mo nawọ́.

"Aunty, Rísíkátù ní kòkòrò lẹ́nu o!"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Mo rò pé Aunty máa rẹ́rìn-ín pẹ̀lú, kí wọ́n ṣàlàyé pé kòkòrò yàtọ̀ sí kòkòrò. Wọ́n fa aṣọ tábìlì bo kọ̀ǹpútà. Mo ti dàgbà tó báyìí láti mọ̀ pé kò dá àwọn náà lójú.

"Rísíkátù, máa wò ó láti ìta, lójú fèrèsé ná. Ẹyọ kan ṣoṣo la ní."

Ó dìde. Kò wò mí. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ọmọ kíláàsì wa ti ń pariwo lé e lórí ní pápá: "Rísí oníkòkòrò, má mí sí wa o!"

Ẹnì kọ̀ọ̀kan ló máa tẹ orúkọ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n iná ò dúró. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá kó tó kàn mí. Rísíkátù wà lójú fèrèsé, ọwọ́ lẹ́nu. Mo fẹ́ bẹ Aunty kí wọ́n jẹ́ kó wọlé, ẹ̀rù ò jẹ́. Mo bá ní kí n tẹ orúkọ tirẹ̀ dípò tèmi. R. I. S. I. Ọ̀kan nínú àwọn bọ́tìnnì tó ti yọ ni K. Ihò lásán ló kù níbẹ̀. Mo ti ọmọ ìka bọ̀ ọ́.

Ojú kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn.

"Kòkòrò ti wọ̀ ọ́!" ọmọ kan pariwo lẹ́yìn mi.

Gbogbo kíláàsì yíjú sí fèrèsé. Mo fẹ́ sọ pé iná ló lọ. Fáànù tó wà lókè orí wa pàápàá ti dúró. Ẹni tó bá gbójú sókè á rí i. Kò sẹ́ni tó gbójú sókè. Mo yọ ìka mi, mo padà sí àyè mi.

Iná dé lọ́jọ́ kejì, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ò tàn mọ́. Rísíkátù náà ò wá mọ́. Ó ku ọjọ́ mẹ́rin ká gba họ́lídè. Ní Sátidé, mo tẹ̀ lé ìyá mi lọ sí Mile 12. Obìnrin mìíràn ló ń to tàtàṣé sí ìsọ̀ wọn.

Kọ̀ǹpútà ti wá kéré tó ohun tí à ń kì bọ àpò. Ọ̀rọ̀ tí ọmọdé fi ń lé ọmọdé kúrò láàárín ẹgbẹ́ ò tíì kéré. Lọ́dún tó kọjá tí eyín ọmọ mi dúdú, mo kìlọ̀ fún gbogbo ilé: ihò ni kí ẹ pè é, ẹni kankan ò gbọdọ̀ pè é ní kòkòrò. Ọkọ mi ní mo ti le jù. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Mo sọ ìtàn yìí fún ọmọ mi bá a ṣe ń dúró de ìwé wa. Ó gbọ́ ọ dópin.

"Mummy, ṣé ẹ padà sọ fún wọn pé iná ló lọ?"

"Rárá."

Ó gbójú sókè, ó wo fáànù ṣọ́ọ̀bù náà. Ó ń yí.